Ìfẹ́ ní Gbangba àti Pàṣán Ìjọba

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹ̀ka gbogbo sọ ní Àpéjọ Gbogbogbò Ìjọ, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdìbò lórí àbá nípa ìwà ní gbangba)



Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò àpéjọ yìí ní kí a sọ̀rọ̀ lórí àbá kan tí ẹ ó dìbò lé lórí lọ́la. Àwọn ẹ̀ka kan ni ó mú un wá. Wọ́n fẹ́ kí ìjọ wa kọ̀wé sí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe òfin tí yóò máa fi ìyà jẹ ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n bá dì mọ́ ara wọn, tàbí tí wọ́n fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ní ìgboro, ní etí òkun, ní ibùdókọ̀ tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

A mọ ohun tí ó bí àbá náà. Àwọn òbí tí ó mú un wá kì í ṣe ọ̀tá ìfẹ́. Ojú wọn ń rí ohun tí ojú àwọn bàbá wọn kò rí. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń ṣe ní ìta, tí wọ́n sì ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí fún àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀rù náà ń ba àwa pẹ̀lú, nítorí a bí ọmọ. A kò dìde láti gbèjà àìnítìjú. Ohun tí a fẹ́ ni kí a jọ bi ara wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí a tó dìbò: ta ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, ìjọ àti òbí ni, tàbí ọlọ́pàá?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ wa kò ní òfin rárá. Nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní gúúsù jogún, abala 231 wà fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ hu ìwà ìbàjẹ́ ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni ìyà rẹ̀ lè tó. Nítorí náà kì í ṣe ìhòòhò tàbí panṣágà ojú títì ni àbá tuntun yìí ń wá òfin fún. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ìdìmọ́ra àti ìfẹnukonu fúnra wọn di ẹ̀ṣẹ̀ níwájú adájọ́, kódà láàárín ọkọ àti aya. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

KÍ NI ÌWÉ MÍMỌ́ WÍ?

Nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 26, Ísáákì bẹ̀rù àwọn ará Gérárì, ó sì sọ fún wọn pé arábìnrin òun ni Rèbékà. Ní ọjọ́ kan Ábímélékì ọba yọjú lójú fèrèsé, ó rí Ísáákì tí ó ń bá Rèbékà ṣeré. Lójú kan náà ni ọba mọ̀ pé aya rẹ̀ ni. Ẹ kíyèsí ohun tí ọba bá a wí sí. Kò bá a wí nítorí eré náà. Nítorí irọ́ tí ó pa ni ó ṣe bá a wí. Eré ìfẹ́ náà ni ó tú irọ́ náà síta. Nígbà tí ọba sì ṣe òfin, òfin náà kò lòdì sí tọkọtaya yìí. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkùnrin náà tàbí aya rẹ̀.

Ní orí 29 ìwé kan náà, Jákọ́bù pàdé Rákélì ní ìdí kànga, níbi tí àwọn darandaran péjọ sí. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó sì sunkún. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 20, àwọn alàgbà Éfésù rọ̀ mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́rùn, wọ́n sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu, nítorí wọn kì yóò rí ojú rẹ̀ mọ́. Pọ́ọ̀lù kan náà ni ó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù ní orí 16 pé kí wọ́n máa fi ìfẹnukonu mímọ́ kí ara wọn.

Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò fojú fo apá kejì. Òwe orí 7 sọ ti obìnrin kan tí ó jáde ní àṣálẹ́, tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin mú ní ìgboro, tí ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu pẹ̀lú ojú tí kò mọ ìtìjú. Ọlọgbọ́n náà kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ọ̀nà ilé obìnrin yẹn lọ sí isà òkú. Ìgboro kan náà ni, ẹnu kan náà ni. Ọkàn ni ó yàtọ̀.

Apá kan tún wà tí a kì í sábà kà nínú ìjọ. Nínú Orin Sólómónì orí 8, ẹsẹ kìn-ín-ní, obìnrin kan ń kẹ́dùn. Ó wù ú kí olólùfẹ́ rẹ̀ dàbí ọmọ ìyá rẹ̀, kí ó lè fi ẹnu kò ó lẹ́nu nígbà tí ó bá rí i níta, kí ẹnikẹ́ni má sì kẹ́gàn rẹ̀. Èyí fi hàn wá pé ìlú tirẹ̀ náà ní àṣà tí kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbangba, bí ti àwọn bàbá wa kò ti gbà á. Obìnrin náà bọ̀wọ̀ fún àṣà náà, bí ó tilẹ̀ ń kẹ́dùn. Kò sí onídàájọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni ẹ̀gàn ará ìlú, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀mí Mímọ́ sì pa ẹ̀dùn rẹ̀ mọ́ fún wa láìbá a wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, àṣà wa tí ó ní kí ọkọ àti aya má dì mọ́ ara wọn níwájú àgbà, àṣà rere ni, a kò sì fẹ́ kí ó parun. Ṣùgbọ́n àṣà ni. Kí a má fi orúkọ òfin Ọlọ́run pè é.

ÀWỌN TÍ Ó DI PÀṢÁN MÚ ṢÁÁJÚ WA

Kì í ṣe inú ìjọ Kristi ni irú ìdájọ́ yìí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Róòmù, ní ọdún 184 kí a tó bí Olúwa wa, Cato wà ní ipò alábòójútó ìwà àwọn ará ìlú. Òpìtàn Plutarch kọ ọ́ pé ó yọ Manilius kúrò nínú ìgbìmọ̀ àgbà nítorí pé ó fi ẹnu ko aya rẹ̀ lẹ́nu ní ọ̀sán gangan, níṣojú ọmọbìnrin wọn. Cato sọ nípa ara rẹ̀ pé aya òun kì í dì mọ́ òun àfi bí àrá ńlá bá sán, ó sì fi í ṣe àwàdà pé inú òun a máa dùn nígbà tí àrá bá ń sán. Kèfèrí ni Cato. Kò ka Májẹ̀mú Láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kò ka Májẹ̀mú Titun.

Nígbà tí ìjọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn Kristian a máa fi ìfẹnukonu àlàáfíà kí ara wọn nínú ìsìn. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ni fi rí i pé ewu wà nínú rẹ̀. Clement, olùkọ́ni ní Alẹkisáńdíríà, bá àwọn tí ẹnu wọn ń dún ká ilé ìsìn wí, tí kò sì sí ìfẹ́ nínú ọkàn wọn. Ní ibi púpọ̀ a pàṣẹ pé kí ọkùnrin máa kí ọkùnrin, kí obìnrin máa kí obìnrin. Báyìí ni ìjọ ṣe tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Kò ránṣẹ́ pe ọmọ-ogun Róòmù láti wá bá a tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni àkókò dé tí àwọn onígbàgbọ́ di aláṣẹ. Ní ọdún 1630 àwọn Puritan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlú Boston dó ní Amẹ́ríkà. Olùfọkànsìn ni wọ́n. Ìpinnu wọn ni pé kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di òfin ìlú. Ní ọdún 1631 wọ́n ṣe é ní òfin pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò lè di ẹni tí ń dìbò. Kò sí ibi tí ìfẹ́ inú àwọn tí ó mú àbá wa yìí wá ti ṣẹ tó ibẹ̀.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Àwọn tí ó kọ ìtàn ìlú náà sọ fún wa nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Kemble. Ó ti wà lójú òkun fún ọdún 3. Ní ọdún 1656 ó padà dé ní ọjọ́ ìsinmi, aya rẹ̀ pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Wọ́n kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní gbangba fún wákàtí 2, irú àbà tí a kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ ní Fílípì. Wọ́n ní ìwà ìtìjú ni ó hù.

Kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 4 péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 1660, àwọn aláṣẹ Boston yẹn kan náà so obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Dyer rọ̀ títí ó fi kú. Kò jalè, kò pànìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn Quaker ni, wọ́n ti lé e kúrò ní ìlú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó sì padà wá. A kò sọ pé ìfẹnukonu Kemble ni ó fa ikú Mary Dyer. Ohun tí a ń sọ ni pé ọwọ́ kan náà ni. Ọwọ́ tí a bá fi àṣẹ lé láti máa fi orúkọ Ọlọ́run jẹ ẹni tí ó dì mọ́ aya rẹ̀ níyà, a kò lè sọ fún un mọ́ pé ibi báyìí ni kí ó dúró sí.

ÀṢÌṢE TIWA

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìtàn Kemble, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wa.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni olùṣọ́-àgùntàn ẹ̀ka kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ọkọ rẹ̀ sì ti wà ní ẹ̀yìn odi fún ọdún 4, tí ó ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sílé. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ti ń túká, ọkọ náà dé. Láti ibùdókọ̀ ni ó ti wá tààrà, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí. Aya rẹ̀ rí i. Ó sáré láàárín èrò, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ rí i, wọ́n ní aṣọ akọrin wà lọ́rùn rẹ̀, pé ó tàbùkù sí ilé Ọlọ́run. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí wá: oṣù 3 lẹ́yìn ìjókòó, kò gbọdọ̀ kọrin. A fọwọ́ sí i. Nígbà tí a ka ìwé náà sí i létí, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ. Ó ní, “Bàbá, ẹni tí mo dì mọ́ yìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ so wá pọ̀?”

A kò ní èsì. Ṣùgbọ́n a kò sì fa ìwé náà ya.

Boston fún Kemble ní wákàtí 2. Àwa fún arábìnrin wa ní oṣù 3. Ẹ tún wò ó: ọkọ náà dì mọ́ ọn bí òun ti dì mọ́ ọkọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó bi ọkọ náà ní ìbéèrè kankan. Ó jókòó lẹ́yìn fún oṣù 3 náà láìkùn. Nígbà tí ó pé, kò padà sí ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá dé inú ọgbà ìjọ, ọ̀tọ̀ ni ọkọ ń gbà, ọ̀tọ̀ ni aya ń gbà, bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Àwọn ọmọ wọn ń wò wọ́n. Ọdún kan kọjá kí a tó dìde lọ sí ilé wọn, àwa àti àwọn àgbà méjì, tí a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dárí jì wá. Ọlọ́run bù kún wọn.

A sọ èyí kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀pá ìjọ àti pàṣán ìjọba. Ìjọ lè ṣìnà, àwa ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìjọ lè rìn lọ sí ilé ẹni tí ó ṣẹ̀, kí ó sì wólẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Pàṣán kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé adájọ́ ni ó dá oṣù 3 fún arábìnrin yẹn ní ẹ̀wọ̀n, ta ni ìbá lọ bẹ̀ ẹ́? Orúkọ rẹ̀ ìbá ti wà nínú ìwé àwọn ọ̀daràn títí di òní.

NÍ ILẸ̀ TIWA

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orílẹ̀-èdè wa, nítorí àpéjọ yìí kì í ṣe ti apá kan nínú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000 ni òfin Ṣàríà lórí ìwà ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zamfara. Kò pẹ́ tí ìpínlẹ̀ 12 ní àríwá fi gbà á. Ní ọdún 2003 Kánò ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ Hisbah sílẹ̀, àwọn tí ń mójú tó ìwà ní ìgboro. Ní ọdún 2005 ìjọba ibẹ̀ fi òfin de obìnrin láti máa gun ọ̀kadà èrò, èyí tí wọ́n ń pè ní àchàbà, kí ara obìnrin má baà kan ara ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ìjọba sì kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá dípò rẹ̀. Ẹ̀yin aṣojú láti Kánò mọ èyí jù wá lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, adájọ́ májísíréètì kan ní Kánò gbọ́ ẹjọ́ ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ṣe fídíò eré ìfẹ́ sórí TikTok. Ó pàṣẹ pé kí a so wọ́n pọ̀ ní ọkọ àti aya láàárín ọjọ́ 60. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà dìde lòdì sí i, wọ́n ní ilé-ẹjọ́ kankan kò ní agbára láti fi ìgbéyàwó ṣe ìjìyà. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin tí ẹ ń so ènìyàn pọ̀ níwájú pẹpẹ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò. Ìgbéyàwó tí àwa ń bèèrè lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì bóyá tọkàntọkàn ni wọ́n fi gbà, ni ó fẹ́ di ohun tí a fi ń jẹ ènìyàn níyà. Ibẹ̀ ni òfin ń gbé ìfẹ́ lọ bí ó bá gbà á sí ọwọ́ ara rẹ̀.

A kò sọ èyí láti bú àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ni àwọn òbí tí ó mú àbá wa wá ń fẹ́: kí ọmọ wọn ní ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àríwá nìkan. Ní ọdún 2008 àwọn aṣòfin àgbà ní Abuja gbé àbá òfin kan yẹ̀wò tí yóò fi ìyà jẹ ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ṣí ara sílẹ̀. Kò di òfin, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé ìbéèrè tí ó mú wá: ta ni yóò dúró ní ìgboro láti máa wọn aṣọ obìnrin? Ta ni yóò sì dúró láti máa bi tọkọtaya pé níbo ni ìwé ìgbéyàwó yín wà?

Àwọn bàbá wa ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 10, sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 dáàbò bo òmìnira olúkúlùkù láti sin Ọlọ́run bí ó ti gbàgbọ́. Lábẹ́ òjìji abala méjèèjì yìí ni àwọn ẹ̀ka wa tí ó kéré ní àríwá ń wá ibi sá sí. Bí a bá lọ bá ìjọba ní gúúsù lọ́la, tí a ní kí ó fi ẹ̀wọ̀n gbè àṣà ìjọ wa lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ wo ni yóò kù ní ẹnu wa nígbà tí àwọn ará wa ní àríwá bá ní kí a gba àwọn lọ́wọ́ òfin ẹ̀sìn ẹlòmíràn? Pàṣán tí a bá fi ọwọ́ ara wa gbé lé àjà, kí a má yà á lẹ́nu bí a bá rí i lẹ́yìn àwọn ọmọ wa.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ìjọ wa ni kò gbọ́ rí kí bàbá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn. Wọ́n ti gbọ́ tí ó jágbe mọ́ ọn. Wọn kò gbọ́ tí ó yìn ín. Bí ọmọ kò bá rí ìfẹ́ tí ó mọ́ lójú ara rẹ̀ nínú ilé, fóònù yóò fi èyí tí kò mọ́ hàn án. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ máa kí aya yín pẹ̀lú ọlá níwájú àwọn ọmọ yín. Kò sí àgbà kan tí èyí yóò bí nínú.

Èkejì, kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì àti Róòmù: kì í ṣe gbogbo ohun tí ó tọ́ fún ènìyàn ni ó ń ṣàǹfààní, ẹni tí ó sì ní ìfẹ́ kì í fi òmìnira rẹ̀ ṣe ohun ìkọsẹ̀ fún arákùnrin rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ àfojúdi níwájú bàbá àgbà yín ní abúlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kánò, ẹ bọ̀wọ̀ fún àṣà àwọn tí ó gbà yín lálejò. Ẹ ṣe é nítorí ìfẹ́, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù. Kí ẹ sì rántí pé ohun tí ẹ bá gbé sórí fóònù kò ní ìlẹ̀kùn tí a lè tì.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka kankan má ṣe fi ẹnikẹ́ni sí abẹ́ ìbáwí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí láì kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí a má sì bá obìnrin nìkan wí nínú ohun tí ènìyàn méjì jọ ṣe. Àwa tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ni a ń bẹ̀ yín.

Ẹ̀kẹrin, bí ìjọ yìí bá fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa ìwà ní gbangba, iṣẹ́ wà tí ó tọ́ sí òfin. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 àwọn obìnrin kan wọ́de nínú ọjà Yábà ní Èkó, nítorí pé àwọn ọkùnrin ọjà ń fa obìnrin tí ń kọjá lọ́wọ́, wọ́n sì ń fọwọ́ kan ara wọn láìgbàṣẹ. Àwọn ọmọbìnrin inú ìjọ wa ń gba ọjà kọjá. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ẹ bá dé ilé. Ọwọ́ tí a fi kan ẹni tí kò fẹ́, ọ̀daràn ni ọwọ́ náà. Òfin kan ti wà láti ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ọmọ ènìyàn. Kí a bẹ ìjọba kí ó lò ó dáadáa. Ábímélékì fi òfin dáàbò bo tọkọtaya. Kò fi òfin yà wọ́n. Iṣẹ́ aláṣẹ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fọwọ́ sí àbá náà bí ó ti wà. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí a fẹ́ kọ sí aṣòfin di ìwé ẹ̀kọ́ tí a ó kọ sí gbogbo ẹ̀ka wa, tí a ó máa kà nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Iṣẹ́ náà yóò pẹ́ ju kí a ṣe òfin lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Nínú Lúùkù orí 7, obìnrin kan wọ ilé Símónì Farisí, ó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Olúwa wa, kò sì dẹ́kun láti máa fi ẹnu ko ẹsẹ̀ náà níwájú gbogbo àlejò. Símónì wò ó, ó dá a lẹ́bi nínú ọkàn rẹ̀. Olúwa wí fún Símónì pé òun wọ ilé rẹ̀, kò fi ìfẹnukonu kan kí òun. Ní orí 22 ìwé kan náà, ẹlòmíràn wá fi ẹnu ko Olúwa lẹ́nu nínú ọgbà, lóru, níṣojú àwọn ọmọ-ogun. Bí àbá wa bá ti di òfin ní ìlú yẹn, obìnrin tí ó sunkún ni wọn ìbá mú. Júdásì ìbá lọ láìfarapa, nítorí ọkùnrin ni ó kí ọkùnrin, bí àṣà ìlú ti gbà.

Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọkàn tí ó wà lẹ́yìn ẹnu. Kí Ó fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó dárí jì wá níbi tí a ti dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, kí Ó sì tọ́ ọwọ́ wa sọ́nà nígbà tí a bá ń dìbò lọ́la. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.